Owó Oògùn Jẹjẹrẹ: Àwọn Ìbéèrè Tí Ará Ilé Máa Ń Bi Mí

Òkun o (bí àwa ará Òkun ní Kogí ṣe ń kíni nìyẹn). Láti ìgbà tí mo ti tẹ̀lé àǹtí mi kiri nítorí jẹjẹrẹ ọyàn, láti Ìyàrà dé Ìlọrin, láti Ìlọrin dé Ìbàdàn, fóònù mi kò sinmi mọ́. Ẹnì kan á pè láti Mọ̀pà, òmíràn láti Ìsánlú: "Ẹ jọ̀wọ́, níbo lẹ ti rí owó?" Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì bá ìjọba ṣiṣẹ́. Fáìlì ni mo gbé, mo sì pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì tó láti mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kí èèyàn kàn. Ohun tí ẹ bá kà níbí, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ kí ẹ tó ṣe é.

Dókítà ti kọ oògùn fún wa, owó rẹ̀ ju agbára wa lọ. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má tíì wá owó, orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè mí ló máa ń sọ pé "abẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ́n gan-an." Abẹ́rẹ́ wo? Wọn ò mọ̀. Kò sí ẹni tó lè ran abẹ́rẹ́ tí kò lórúkọ lọ́wọ́.

Ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: irú jẹjẹrẹ wo ni, ibo ló dé nínú ara, kí ni orúkọ oògùn náà gan-an, ìgbà mélòó ni aláìsàn máa gbà á, ọ̀sẹ̀ mélòó ló wà láàárín ìgbà kan sí èkejì. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ méjì. Herceptin ni orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Roche fún tiwọn. Trastuzumab ni oògùn náà fúnra rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ń ṣe é, bíi Biocon ní Íńdíà. Ẹni tó bá mọ orúkọ kejì yìí á lè béèrè iye rẹ̀ ní ibi mẹ́ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á san iye tí wọ́n bá pè fún un.

Ẹ tún bi dókítà ní ìbéèrè kan tí ojú máa ń ti àwa èèyàn láti bi í: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí a ò bá lè ra èyí, kí ló tẹ̀lé e?" Kì í ṣe àrífín. Nígbà tí dókítà àǹtí mi mọ iye tó wà lọ́wọ́ wa, ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó sì tún ètò náà tò. Ká ní a ti dákẹ́ ni, bí a ṣe máa sá kúrò nílé ìwòsàn náà nìyẹn.

Ta ló ń fúnni lówó ní ilé ìwòsàn? A ò rí ẹnì kankan.

Ẹ wá ọ́fíìsì wẹ́fíà. Ilé ìwòsàn ìjọba ńlá gbogbo ló ní in: ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja, ti yunifásítì Ìlọrin, UCH ní Ìbàdàn. Ó máa ń fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé kan, kò sì sí pátákó tó ń fọ̀nà hàn. Ẹ bi nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló máa ń wádìí bóyá lóòótọ́ ni aláìsàn kò lówó. Wọ́n á bi yín ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, iye ọmọ, ẹni tó ń bọ́ yín. Ẹ sọ òótọ́. Ẹ má wọ léèsì Ìsinmi Àjíǹde lọ síbẹ̀, ẹ má sì wọ àkísà tí kì í ṣe tiyín. Ọwọ́ wọn ni lẹ́tà ti máa ń jáde sí àwọn tó ń ṣàánú, ọwọ́ wọn náà ni fọ́ọ̀mù ètò ìjọba wà. Ìgbà mìíràn wọ́n lè bá yín bẹ ilé ìwòsàn pé kí ẹ san owó díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwa lọ lẹ́yìn tí a ti ná gbogbo ohun tó wà nílé, nígbà yẹn ni obìnrin ibẹ̀ wò mí lójú, ó ní, "Ṣé ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀?"

A gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ní owó kan fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Cancer Health Fund ni wọ́n ń pè é. Àwọn tálákà ló wà fún, jẹjẹrẹ mẹ́ta ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀: ti ọyàn, ti ẹnu ilé-ọmọ, àti ti prostate tó ń ṣe àwọn ọkùnrin àgbà. Ilé ìwòsàn mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ yàn fún un, ti National Hospital ní Àbújá wà nínú wọn. NICRAT, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó yé yín ni pé a kì í fi owó yìí ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Inú ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn ni aláìsàn ti ń forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìtọ́jú ti ń wáyé. Nítorí náà, ẹni tó bá pe fóònù yín láti sọ pé wọ́n ti fọwọ́ sí tiyín, kí ẹ fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún "owó fọ́ọ̀mù" ránṣẹ́, olè ni. Ẹ pa fóònù.

Kí ẹ tó lọ, ẹ mú NIN aláìsàn, èsì àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé lára rẹ̀, àti ìwé dókítà dání. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sí mẹ́ta. Orúkọ tó wà lórí NIN àti èyí tó wà lórí fáìlì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá wa: orúkọ ilé ọkọ níbí yìí, orúkọ ìjọ lọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gba ẹnì kan tí mo mọ̀ kí ó tó tún un ṣe.

Mo ní káàdì adójútòfò ìlera. Ṣé ó kan jẹjẹrẹ?

Ó kù sí irú káàdì tó jẹ́, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ló ni yín. Ó bo ẹ̀yin, ọkọ tàbí ìyàwó yín, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Kò bo ìyá yín tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀, àfi bí ẹ bá san tiẹ̀ lọ́tọ̀. Fún oògùn, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀yin máa ń san. Àmọ́ oògùn jẹjẹrẹ ní òfin tirẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé wọn. Ẹ bi HMO yín (ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò yín, tó sì ń san owó ilé ìwòsàn), kí wọ́n dáhùn lórí ìwé. Ohun tó sì máa ń dun èèyàn jù ni kóòdù. Ilé ìwòsàn tí ẹ forúkọ sí gbọ́dọ̀ kọ ìwé pé àwọn ń darí yín lọ síwájú, kí HMO sì fún yín ní kóòdù kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wọ mọ́tò láti Kàbà lọ bá dókítà ńlá ní Ìlọrin tààrà, àpò yín ni gbogbo owó náà ti máa jáde, káàdì lọ́wọ́ tàbí káàdì nílé.

Bí ó bá jẹ́ káàdì tí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré wọ́ọ̀dù yín, ìyẹn wá láti inú owó tí òfin ìlera ọdún 2014 ya sọ́tọ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀. Ibà, ìbímọ, àjẹsára àwọn ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ ríru: ohun tó wà fún nìyẹn. Kò dé orí kímò, ìyẹn oògùn alágbára tí wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Mo ti rí bàbá kan láti Yàgbà tó di káàdì yìí mú ní ojú fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ó ń ṣàlàyé, ọmọbìnrin tó jókòó sí inú lọ́hùn-ún ń mi orí. N kò lè wo ojú bàbá náà.

Ìpínlẹ̀ Kogí náà ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀. Kí ẹ tó sanwó fún wọn, ẹ bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan péré: "Ṣé ẹ máa san owó kímò, tàbí kò sí nínú rẹ̀?"

Herceptin ni wọ́n kọ fún ìyàwó mi. Ilé la máa tà o.

Ẹ dúró ná. Ṣé wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò HER2, èròjà kan lára sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí jẹjẹrẹ dàgbà? Oògùn yìí kò wúlò fún gbogbo jẹjẹrẹ ọyàn. Àwọn tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wọn ní HER2 púpọ̀ nìkan ló ń ràn lọ́wọ́, wọn kò sì tó ẹnì kan nínú mẹ́rin. Inú ẹran tí wọ́n gé ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí èsì yẹn kò bá sí nínú fáìlì, ẹ má ta ohunkóhun.

Bí ó bá wà, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀, NHIA àti Roche jọ ní àdéhùn kan lórí oògùn yìí fún àwọn tó wà lábẹ́ NHIA. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà, Roche gbé àádọ́ta, NHIA gbé ọgbọ̀n, aláìsàn san ogún. Ogún yẹn pàápàá kì í ṣe owó kékeré, torí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbà á, fún ọdún kan lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí èèyàn gba àwìn àti kí ó ta ilé. Ẹ bi ilé ìwòsàn bóyá ó wà nínú àwọn tó ń ṣe ètò náà, torí kì í ṣe gbogbo wọn.

Ǹjẹ́ ọ̀nà wà láti rí oògùn kan náà ní owó pọ́ọ́kú?

Ó wà. Lọ́dún 2019, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, Clinton Health Access Initiative àti American Cancer Society bá àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn bíi Pfizer, Worldwide Healthcare àti Biocon ṣe àdéhùn láti dín owó oògùn kímò kù fún àwọn ilé ìwòsàn kan. Èyí ni pé oògùn tí ẹ rà ní fámásì inú ilé ìwòsàn ìkọ́ni lè dín gan-an sí èyí tí ẹ rà ní ìta, ó sì dáni lójú jù. Ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú fámásì náà, kì í ṣe ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu géètì tó ní òun mọ ibi tó ti dín.

Ọ̀nà kejì ni ohun tí mo sọ ṣáájú: orúkọ oògùn gan-an. Tamoxifen, fún àpẹẹrẹ, oníhóró ni, ó ti pẹ́ láyé, owó rẹ̀ kò ga bíi ti àwọn tuntun. Ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn wọn ń jẹ hòmóònù máa fi ń lò ó lójoojúmọ́. Nítorí pé kò wọ́n, àwọn kan kò kà á sí oògùn gidi, wọ́n á pa á tì. Àṣìṣe ńlá ni.

Ẹ̀yin bàbá, ó kàn yín. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ prostate, irú bíi goserelin, oṣù dé oṣù tàbí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì lópin. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí hòmóònù ọkùnrin tí jẹjẹrẹ náà fi ń dàgbà lọ́wọ́. Iṣẹ́ abẹ kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn kan náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo: kí wọ́n yọ kórópọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń dì mọ́ ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 75 tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń yáwó ní gbogbo oṣù mẹ́ta nítorí abẹ́rẹ́, ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún un pé ọ̀nà yìí wà. Kí òun fúnra rẹ̀ wá yàn. Ọ̀pọ̀ ni kò sẹ́ni tó sọ fún.

Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni ti ọmọ mi. Wọ́n dárúkọ Glivec.

Bí ó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní CML, ẹ dojú kọ Ilé-Ifẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2003 ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń fún àwọn aláìsàn CML ní imatinib (orúkọ oògùn tó wà nínú Glivec gan-an) lọ́fẹ̀ẹ́, nínú ètò tí ilé-iṣẹ́ Novartis àti The Max Foundation jọ ń ṣe. Láti gbogbo Nàìjíríà ni àwọn èèyàn ti ń wá síbẹ̀. Dókítà ló ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé CML ni lóòótọ́. Owó mọ́tò láti ọ̀dọ̀ wa dé Ifẹ̀ wọ́n, mo mọ̀, àmọ́ ẹ fi wé owó oògùn tí èèyàn máa lò títí ayé.

Ọmọdé ńkọ́? Àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú?

Fún ọmọdé, Children Living With Cancer Foundation àti The Dorcas Cancer Foundation wà ní Èkó. Fún àgbà, Project PINK BLUE ní Àbújá máa ń fọ̀nà han àwọn aláìsàn, Medicaid Cancer Foundation sì máa ń bá àwọn kan san owó ìtọ́jú. Owó wọn kì í pọ̀ tó àwọn tó ń béèrè. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú, ẹ fi ìwé dókítà àti iye owó ilé ìwòsàn sí i, ẹ béèrè fún ohun kan pàtó: "owó kímò ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin." Kì í ṣe "ẹ ràn wá lọ́wọ́."

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ìjọ: báwo la ṣe máa bá wọn sọ ọ́ láìsí ìtìjú?

Àwa ará Òkun, bí ó bá di ọ̀rọ̀ òkú, a mọ owó dá. Ẹran á kú, àǹkárá á jáde, àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà á fi dọ́là ránṣẹ́. Ẹni tó wà láàyè tó ń wá owó abẹ́rẹ́, a ní ká máa gbàdúrà fún un. Mo sọ èyí ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, wọ́n bínú sí mi fún oṣù kan, lẹ́yìn náà wọ́n dá owó.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Ẹnì kan tí gbogbo èèyàn fọkàn tán, tí kì í ṣe ọmọ aláìsàn, ni a fi ṣe akápò. A fi ìwé iye owó ilé ìwòsàn síta, kì í ṣe àwòrán ọyàn tó ń jẹrà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ihòhò ìyá yín wá owó lórí WhatsApp. A pín owó náà sí ìgbà mẹ́fà, bí kímò ṣe jẹ́ mẹ́fà, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì mú ìgbà kan. Ìgbà gbogbo tí a bá sanwó, rìsíìtì á bọ́ sí orí ẹgbẹ́ WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n san án sí àkáǹtì ilé ìwòsàn tààrà. Ìjọ náà bẹ́ẹ̀: ẹ bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá pásítọ̀ sọ. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló lówó.

Ṣé kí a ta oko kajú?

Ìbéèrè yìí ló máa ń le jù fún mi. Mo ti rí ìdílé tó ta oko tí bàbá wọn gbìn ní ogún ọdún, wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe kímò méjì, kò sí ohun tó kù fún ẹ̀kẹta.

Ẹ má ta igi bí ẹ bá lè ta èso. Àwọn oníkajú wà tó máa san owó ìkórè ọdún kan tàbí méjì sílẹ̀, oko á ṣì jẹ́ tiyín. Owó tí wọ́n máa ń san ṣáájú kì í dára, pàápàá bí wọ́n bá mọ̀ pé àìsàn ló dé, torí náà kì í ṣe ẹni tí wàhálà wà lọ́rùn rẹ̀ ló yẹ kó lọ nájà. Ẹ rán ẹ̀gbọ́n kan tí ojú rẹ̀ le. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ó hàn nínú ìwé pé ọdún wo ni oko padà. Bí ẹ bá sì lè dúró títí oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí kajú ti ń já, owó á sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi dókítà bóyá àyè ìdúró wà. Nígbà mìíràn ó wà, nígbà mìíràn kò sí rárá.

Ẹnì kan ní òun lè bá wa ra abẹ́rẹ́ náà ní ìdajì owó.

Ibo ló ti gbé e wá? Trastuzumab gbọ́dọ̀ wà nínú otútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 Sẹ́líṣíọ́sì, kò sì gbọ́dọ̀ di yìnyín. Èyí tó ti sùn nínú àpò mọ́tò láti Èkó dé Kàbà, omi lásán lè kù nínú ìgò náà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ béèrè rìsíìtì tó ní orúkọ fámásì. Bí ẹ bá ní láti gbé e rìnrìn àjò fúnra yín, kúlà ni, yìnyín nínú rẹ̀, aṣọ láàárín yìnyín àti oògùn. Ẹ rìn lójúmọmọ. Ọ̀nà wa kò dára fún ẹni tó ń yára ní alẹ́.

Owó tán lẹ́yìn kímò kẹta. Ṣé kí a dúró títí tí a máa fi rí i?

Ẹ má dákẹ́ sílé. Èyí ni àṣìṣe tí mo rí jù: ojú ń ti èèyàn pé òun kò lówó, kò padà lọ fún oṣù mẹ́rin, nígbà tó máa fi padà, jẹjẹrẹ ti rìn. Ẹ lọ ní ọjọ́ tí wọ́n fún yín, àní pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kí ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ó lè yí oògùn padà, ó lè kọ lẹ́tà mìíràn fún wẹ́fíà.

Ohun kan tó tún dín owó kù fún wa: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ṣáájú kímò kọ̀ọ̀kan. Dókítà gbà kí a ṣe é nítòsí ilé, a sì fi fóònù ya èsì ránṣẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì tó, a kì í wulẹ̀ wọ mọ́tò lọ sùn sí Ìlọrin lásán. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ tiyín.

Àwọn kan ní àgbo á wò ó, kò sì wọ́n.

Mo ka owó tí àǹtí mi ná sórí àgbo kí ó tó sọ fún wa. Kímò méjì ni.

Ara wa ṣì le. Kí la lè ṣe nísinsìnyí?

Òfin NHIA ti ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, síbẹ̀ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kì í gba ọ́fíìsì wọn kọjá. Ààyè wà fún ẹnì kan, fún ìdílé, fún ẹgbẹ́: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè forúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ pa pọ̀. Ẹ má retí kí ẹ sanwó lónìí kí ẹ lò ó lọ́la, wọ́n máa ń ní kí èèyàn dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá tàbí Èkó, ẹ bi HMO yín iye tí wọ́n máa gbà láti fi ìyá yín kún un. Èmi ti fi tèmi kún un. Ọdún tó kọjá ló pé ọdún 68, kò sí ohun tó ń ṣe é, ó ní mo ń fowó ṣòfò.